Wíwú Kàlàbá àti Aràn Inú Ojú

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ nípa ìlú Kàlàbá tí a jọ ń gbé yìí, ọrùn ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Ní 1988, ọdún kejì tí ìjọba àpapọ̀ gbé mi wá síbí, ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún ṣàdédé wú. Ó ń yún mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó wálẹ̀. Kò pẹ́, ìgbọ̀nwọ́ tún wú. Wọ́n ránṣẹ́ láti ilé pé ayé ti fọwọ́ kàn mí, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n máa bọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn kan gba ẹ̀jẹ̀ mi ní alẹ́, wọn kò rí nǹkan kan. Àfìgbà tí ìyàwó mi rí ohun kan bí òwú tó ń rìn lórí funfun ojú mi.

Dókítà ojú tí mo lọ bá kò wo ojú náà kó tó bi mí pé aago mélòó ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Ọ̀sán ni àwọn ọmọ aràn yìí, Loa loa, máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nítorí ọ̀sán ni Chrysops, eṣinṣin igbó tó ń gbé e kiri, máa ń jẹni. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà lọ́sàn-án, wọ́n rí i. Dókítà kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, ó sì fi ẹ̀mú kékeré fa aràn náà jáde.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1770, ní Saint-Domingue, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Mongin, gbìyànjú láti yọ irú rẹ̀ lójú obìnrin ẹrú aláwọ̀ dúdú kan; aràn náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ Mongin wà nínú ìwé, ti obìnrin náà kò sí. Ní 1895, Argyll Robertson ní Edinburgh kọ nípa èyí tó yọ lójú obìnrin kan tó ti gbé Kàlàbá, tí apá rẹ̀ náà ń wú. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti ń pe wíwú náà mọ́ ìlú wa, bí ẹni pé ibí nìkan ló wà! Robert Leiper tọ́ka sí eṣinṣin náà ní 1912. Èéfín igi ìdáná máa ń fà á wá bá ènìyàn.

Láti 1987 ni wọ́n ti ń fúnni ní Mectizan lọ́fẹ̀ẹ́ fún àrùn ojú etí odò. Oògùn rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí Loa loa bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dákú lórí rẹ̀, kódà ó lè kú. Bí ohunkóhun bá ti rìn lójú yín rí, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó gbé e mì, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sàn-án.