Lẹ́ńsì Pẹlẹbẹ àti Òjò Mainland

Ẹni tó bá gbójú sókè ní Surulere, díìsì DStv ni yóò máa rí lára ògiri. Ikùn díìsì tó tẹ̀ ló ń kó ìgbì jọ síbi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwo pẹlẹbẹ pàápàá lè ṣe é. Irú èyí tí òjò Mainland ní Èkó kò ní sọ di ẹrù lásán lórí òrùlé ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Láti inú iṣẹ́ Augustin Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lórí ìmọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Wọ́n á pín ojú àwo sí òrùka-òrùka. Ìgbì tó gba òrùka kan kọjá yóò fi ìdajì gígùn ìgbì pẹ́ ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa pa ara wọn rẹ́. Bí wọ́n bá wá fi irin dí òrùka kan, tí wọ́n dá ìkejì sí, àwọn tó kọjá yóò máa ti ara wọn lẹ́yìn.

Ní 75 GHz, gígùn ìgbì jẹ́ 4 mm. Bí agbàmì bá wà ní 20 cm sẹ́yìn àwo, etí àwọn òrùka yóò wà ní 28, 40, 49 àti 57 mm sí àárín. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé Perspex fún pátákó ìpolówó ní Mushin lè gé e. Ní 3.5 GHz tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, tà fún 5G ní December 2021, òrùka àkọ́kọ́ nìkan yóò fẹ̀ dé bí 14 cm sí àárín. Ìdí nìyí tí ìgbì kúkúrú fi bá àwo yìí mu.

Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá fi irin dí òrùka, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìgbì ló ń dé ibi tí wọ́n fẹ́. Díìsì tó dára lè mú bí ìdá 60 dé. Ní 1898, R. W. Wood ará Amẹ́ríkà fi hàn pé kò pọn dandan láti dí òrùka: kí wọ́n kàn dá ìgbì rẹ̀ dúró díẹ̀. Ìyẹn gbé e dé bí ìdá 40. Lára Perspex, kí òrùka kan fi bí 3.3 mm nípọn ju ìkejì lọ ti tó.

Òjò ló sọ ìyàtọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Nínú ọ̀wààrà tó ń rọ 100 mm ní wákàtí kan, ìgbì 75 GHz ń pàdánù nǹkan bí 30 dB ní kìlómítà kan: ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló kù. Ní 300 m, ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwo onírin ti fi ìlọ́po mẹ́fà rẹlẹ̀ sí díìsì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwo Wood kò fi ìlọ́po méjì rẹlẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ ta ìgbì láti UNILAG ní Akoka dé Yabatech, tó ju kìlómítà kan lọ, àwo pẹlẹbẹ kò ní í kojú irú òjò bẹ́ẹ̀. Láàárín ilé méjì nínú ọgbà ilé ìwé kan náà, àwo Perspex yẹ ní ohun tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ díìsì kékeré, kí wọ́n sì wọn méjèèjì láti April títí dé October, tí òjò ń rọ̀.