Ìpele nínú àwòrán orí kọ̀ǹpútà

Ìpele ni à ń pe awẹ́ àwòrán tí a tò léra nínú ètò ìyàwòrán bíi Photoshop, Krita, GIMP àti Procreate. Ó dà bí gíláàsì tó mọ́ gaara: ibi tí ayàwòrán kò bá kùn, ohun tó wà nísàlẹ̀ á hàn síta. Ohun tó wà lórí ìpele kan ṣeé sún, ó ṣeé pa rẹ́, ó sì ṣeé kùn ní àwọ̀ mìíràn láìfọwọ́ kan ìyókù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpútà pín àwòrán sí ẹyọ tíntìntín tó ń jẹ́ píksẹ́lì. Lórí ìpele, nọ́ńbà mẹ́rin ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní: mẹ́ta fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ìkẹrin, álífà, ń sọ bí ó ṣe bo ohun abẹ́ rẹ̀ tó. Bí álífà bá jẹ́ 0, píksẹ́lì náà kò hàn rárá. Bí ó bá jẹ́ 255, ó bo abẹ́ rẹ̀ pátápátá. Thomas Porter àti Tom Duff ló kọ ìṣirò bí a ṣe ń pa irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ jáde ní 1984.

Ọ̀nà ìpapọ̀ tí ó wúlò jù fún ẹni tó ń kun òjìji ni Multiply. Kọ̀ǹpútà á ka àwọ̀ láti 0 dé 1, á sì sọ ti òkè di púpọ̀ pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀: 0.5 lórí 0.8 á di 0.4. Funfun, tí í ṣe 1, kì í yí nǹkan kan padà. Ká ní à ń ya obìnrin tó wé gèlè pupa. Ìlà àwòrán wà lókè, àwọ̀ gèlè wà nísàlẹ̀, òjìji wà láàárín lórí Multiply. Bí oníbàárà bá ní àwọ̀ ewé lòun fẹ́, ìpele gèlè nìkan la ó tún kùn. Gbogbo ìṣẹ́po aṣọ náà á ṣókùnkùn níbi tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀.

Ìbòjú ìpele ń fi ohun kan pamọ́ láìpa á rẹ́. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta mọ irú iṣẹ́ yìí: ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún yà sí, aró kì í dé ibẹ̀.

Ìpele ń jẹ àyè. Àwòrán 4000 × 3000 ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 12, nọ́ńbà mẹ́rin ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìpele kan tó kún lè gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 48. Fáìlì JPEG kì í tọ́jú ìpele.

Ìtàn

Ní 1914, Earl Hurd ní Amẹ́ríkà béèrè ẹ̀tọ́ lórí yíya eré àwòrán sórí ike tó mọ́ gaara. Ti kọ̀ǹpútà ló ní àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé Photoshop 3.0, tó jáde ní 1994, ló kọ́kọ́ ní ìpele. Àwọn mìíràn ní ètò Fauve Matisse ti ṣáájú rẹ̀. Èyí tó dájú ni pé Photoshop ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayàwòrán mọ̀.

Ní Kàdúná

Pípín àwòrán sí ìpele kò ṣàjèjì sí Kàdúná, ìlú tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited ti bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tí United Nigerian Textiles sì tẹ̀lé e ní 1964. Nínú títẹ ańkárá pẹ̀lú síkírìnì, ìyẹn àsẹ́ tí àwọ̀ ń gbà kọjá sára aṣọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní síkírìnì tirẹ̀: aṣọ aláwọ̀ mẹ́fà ń kọjá lábẹ́ mẹ́fà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Kí iṣẹ́ tó dé ẹ̀rọ, ẹnì kan ní láti jókòó pín àwòrán náà sí àwọ̀ rẹ̀, kí ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí síkírìnì kan bá yẹ̀ bíńtín, àlà funfun á yọ létí òdòdó. Níbi tí àwọ̀ yẹ́lò bá sì ti gun búlúù, àwọ̀ ewé á jáde láìná síkírìnì keje. Multiply nìyẹn kí kọ̀ǹpútà tó dé.

United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2007, ó sì tún apá kan ṣí ní 2010. Oníṣẹ́ tó ń tẹ ṣẹ́ẹ̀tì lónìí ń lo ọ̀nà kan náà: àwọ̀ kan, ìpele kan, á tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dúdú sórí ike, á sì fi ìmọ́lẹ̀ gbé e sára síkírìnì.