Páànù Lórí Ilé Wa

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà Ìpájà lónìí, níbi tí ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára ọ̀nà Abẹ́òkúta, kì yóò rí ilé onírúkoríko kan. Páànù ni ó gba gbogbo òrùlé: òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn tí ó ti dípẹtà. A fẹ́ kí a jùmọ̀ wo bí irin ti ṣe gun orí ilé wa, àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ onílé.

Ní ayé àwọn baba wa, koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé; ní Ọ̀yọ́, ọdún pàtàkì ni kíkó bẹẹrẹ wá fún òrùlé ààfin Aláàfin. Ewé gbòdògì ni ti àwọn ará igbó, imọ̀ sì ni ti àwọn ará etí ọ̀sà. Owó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà. Onílé a bẹ ọ̀wẹ̀, a se oúnjẹ, ilé a sì di bíbò. Inú ilé bẹ́ẹ̀ a máa tutù. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ a óò tún un bò. Bí ẹ̀ta-iná kan bá sì ta láti ibi ààrò ní ìgbà ọyẹ́, odindi agbo ilé a jóná.

Ní ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọndọnu lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní ìgbì-ìgbì, kí ó lè le láìwúwo. Ní 1837, Stanislas Sorel ará Faransé gba tirẹ̀ lórí fífi síǹkì bo irin, kí ìpẹtà má bàa tètè jẹ ẹ́. Ọkọ̀ òkun gbé e dé Èkó. Nígbà tí ọ̀nà reluwé sì dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù wíwúwo kò di ti orí alárù mọ́. Ní Agége, tí kò jìnnà sí Ìyànà Ìpájà, kòkó ti ń mú owó wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1907. Owó kòkó ni ó sọ páànù di ohun ọwọ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Ẹ̀ta-iná kì í ràn án, omi òjò tí ó ṣàn láti orí rẹ̀ sì ń kún àgbá. Ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán a máa mú inú ilé, ariwo òjò a sì bo ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu, àfi bí a bá kan àjà. Owó mìíràn nìyẹn. Síǹkì pẹ̀lú a máa tán. Ẹni tí ó bá gun ilé ìṣọ́ Bower tí a kọ́ sí Òkè Àrẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1936, pupa ìpẹtà ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí.

Lójú tiwa, èyí ni ó tóbi jù: koríko ń béèrè ènìyàn, páànù ń béèrè owó. Opó tí ó ní ará púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní owó kò lè bẹ ọ̀wẹ̀ páànù. Àwọn ará lè bá a kàn án, wọn kò lè bá a hù ú nínú oko. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ra èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù. Lónìí alumíníọ̀mù pọ̀ lọ́jà, tí kì í pọ́n bí irin. Síbẹ̀ èyí tí ó nípọn 0.45 mílímítà àti èyí tí ó jẹ́ 0.55 lè jọra lójú, owó wọn kò sì dọ́gba. Kí onílé béèrè ìnípọn kí ó tó béèrè àwọ̀, kí ó sì ka owó àjà mọ́ owó páànù láti ọjọ́ kìn-ín-ní.