Ìwé Ìgbélùú

Ìwé ìgbélùú ni ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń gba àjèjì láàyè láti máa gbé láàrin ìlú. Lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà, "pépà" ni. "Kò ní pépà" yàtọ̀ sí "kò mọ̀wé": ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní in ni òbí gbé débẹ̀ láti kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kàwé. Lọ́dún 1982, nínú ẹjọ́ Plyler, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ torí àìní ìwé yìí lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àmọ́ ìdájọ́ náà kò dé yunifásítì, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ kò sì kan akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní pépà. Ní California, òfin 2001 jẹ́ kí ẹni tó lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nílé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀, tó sì yege, máa san iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san ní yunifásítì ìjọba, bí kò tilẹ̀ ní pépà.

Olùkọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Kó má ṣe bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pépà lójú gbogbo kíláàsì. Bó bá ń kéde ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, kó sọ bóyá wọ́n ń béèrè nọ́mbà Social Security, nọ́mbà ìjọba tí ẹni tí kò ní pépà kì í sábà ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní tú àṣírí òun á lè fọkàn balẹ̀ kàwé.