Láti Ọjà Ọba dé Ilé Ìkàwé: Ọ̀nà Ìwádìí Lórí Ìtàn Àwọn Àtọ̀húnrìnwá ní Adó-Èkìtì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ọjà Ọba tó wà nítòsí ààfin Èwí ní ìlú Adó-Èkìtì rí. Ọmọ bíbí ìlú, ará àwọn ìlú Èkìtì yòókù, Haúsá, Ìgbò àti Ìgbìrà ń pàdé níbẹ̀ láti rà àti láti tà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ṣe dé ìlú náà sábà máa ń tọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn kan á gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu àgbà nìkan. Àwọn mìíràn á jókòó sí ilé ìkàwé, wọ́n á sì da ohun tí ẹlòmíràn ti kọ kọ. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí ni ìwé, ẹlẹ́rìí sì ni ẹnu. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó dúró sí wo ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wádìí ibi tí ìwé dúró sí lè kọ ìtàn ìlú tán láìdárúkọ ìdajì àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Bí Ìtàn Èkìtì Ṣe Wọ Inú Ìwé

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní ọdún 1897. Ẹ̀dà tí ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Johnson wà lára àwọn tó jẹ́ ońṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì (1877–1893) tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Síbẹ̀, ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló mọ̀ jù; òkèèrè ló ti ń wo Èkìtì.

Ní àwọn ọdún 1930, lábẹ́ Gómìnà Donald Cameron, ìjọba amúnisìn ní kí àwọn ajẹ́lẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ètò ìṣàkóso ìlú kọ̀ọ̀kan. N. A. C. Weir wà lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ìgbà náà ìbá ti di oúnjẹ ikán bí kì í bá ṣe akitiyan Kenneth Dike, tó jà fún ìtọ́jú wọn títí tí a fi dá ilé àkójọ ìwé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1954. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ẹ̀ka ilé àkójọ yìí tó tọ́jú ìwé Èkìtì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Adó níbẹ̀ yóò béèrè fún fáìlì tí a kọ CSO 26, Ondo Prof. tàbí Ekiti Div. sí lára, nítorí pé abẹ́ Ẹkùn Oǹdó ni Èkìtì wà nígbà náà.

Àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀ lé wọn. Peter Lloyd fi Adó ṣe ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin tó yẹ̀ wò nínú Yoruba Land Law (1962). S. A. Akíntóyè kọ ìwé lórí ìdìde Èkìtìparapọ̀ ní ọdún 1971, A. Ògúntúyì sì kọ History of Ekiti ní ọdún 1979. Nígbà tí a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 1982, ilé ìkàwé súnmọ́ ọjà.

Ohun Tí Ìwé Kò Sọ

Ohun tí ajẹ́lẹ̀ ń wá ni oyè, ààlà ilẹ̀, owó orí àti ilé ẹjọ́. Ààfin àti àwọn olóyè ló sì ń bi léèrè. Ìgbìrà tó wá ṣe iṣẹ́ oko, tàbí Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà, kò ní oyè, kò sì ní ààlà. Ó di ìgbà tí ẹjọ́ tàbí owó orí bá kàn án kí orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ tó jẹyọ. Àìsí nínú ìwé kì í ṣe àìsí nínú ìlú.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé tó wà lórí àdúgbò mìíràn láti mọ ìbéèrè tó yẹ kí ó béèrè. Abner Cohen kọ̀wé ní ọdún 1969 lórí àwọn Haúsá Sábó ní Ìbàdàn. Ó fi bí òwò obì àti ti màlúù ṣe so wọ́n pọ̀ hàn. Ìbéèrè Cohen lè wúlò ní Adó. Ìdáhùn rẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ gbé wá, nítorí Adó kì í ṣe Ìbàdàn.

Àkọtọ́ náà tún máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. “Igbirra” ni àwọn amúnisìn ń kọ fún Ìgbìrà, “Ikerre” sì ni wọ́n ń kọ fún Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá fi àkọtọ́ àtijọ́ wá a yóò rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Yunifásítì Adó fúnra rẹ̀ ti yí orúkọ padà léraléra kó tó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọdún 2011. Orúkọ àtijọ́ ló wà lára iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá.

Ìpadàbọ̀ sí Ọjà

Lẹ́yìn ilé ìkàwé, ọjà ló kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka fáìlì yóò mọ ohun tí yóò bi ìyá ọlọ́jà: ta ló kọ́kọ́ gbà á sílé, èdè wo ni wọ́n fi ná ọjà, ta ló ń parí ìjà láàárín òun àti onílé? Kò sí ajẹ́lẹ̀ tó béèrè irú èyí. Ọ̀rọ̀ náà sì ń fẹ́ ìkánjú. Lẹ́yìn ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ wó ìsọ̀ àtijọ́ ní Ọjà Ọba láti kọ́ ti ìgbàlódé. Nígbà tí ìsọ̀ bá wó, ètò ìjókòó, ìyẹn bí ẹ̀yà ṣe jókòó ti ẹ̀yà, máa ń bá a lọ. Bí àwọn tó jókòó níbẹ̀ bá sì kú, kò sí fáìlì kankan tí yóò sọ ọ́.

Ìgúnlẹ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwé jẹ́ àgbà, ṣùgbọ́n àgbà tí kò rí gbogbo igun ọjà ni. Ojúṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni láti wo igun tí àgbà náà kò wò, kí ó kọ ọjọ́, ibi àti èdè tí ọ̀rọ̀ jáde sí, kí ó gba àṣẹ lẹ́nu olọ́rọ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ilé ìkàwé. Lọ́dún mélòó kan sí i, ìwé tirẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò ṣí, tí yóò béèrè ibi tí òun náà dúró sí.