Ẹni Òrìṣà ní Ẹnu Ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun

Láti Ìdó-Ọ̀ṣun, ọ̀nà kò jìn dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀nà náà là fún?

Ìtàn àwọn baba wa sọ pé Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn, àti pé ọjọ́ tó mu ẹmu yó ló mọ arọ, abuké àti afọ́jú. Nítorí náà ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu, tí a sì ń pe irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní ẹni òrìṣà.

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, wọ inú awo Ọbàtálá ní Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà, òun, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ àwọn ère ńláńlá inú igbó náà. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Ohun tí ọwọ́ mọ, ọwọ́ lè kà á. Bí a kò bá fẹ́ kí ọwọ́ kan ère ọlọ́wọ̀, àwọn agbẹ́gilére Òṣogbo lè gbẹ́ ẹ̀dà kékeré fún afọ́jú. Adití ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè àfọwọ́sọ. Arọ ń fẹ́ ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí a buwọ́ lù ní 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Gbèdéke náà pé ní 2024.

Ẹni tí a bá pè ní ẹni òrìṣà, kò yẹ kó dúró sí ẹnu ọ̀nà òrìṣà.