Àbẹ̀tẹ́lẹ̀

Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni owó tàbí ẹ̀bùn tí a fún ẹni tó wà nípò kí ó lè gbójú kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀. Inú «bẹ̀» àti «tẹ́lẹ̀» ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹ̀yìn ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ gidi máa ń wá: ọmọ fọ́ àwo, ó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀ kí ó tó ṣẹ̀. Ó ti ra ìdáríjì sílẹ̀ de ibi tó fẹ́ ṣe.

Ẹ wo ìtàn Lawrence Anini, adigunjalè tó da ìlú Benin rú lọ́dún 1986. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lóṣù Kejìlá, ó jẹ́wọ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn, George Iyamu, ló ń ta àwọn lólobó, tó sì ń wá ìbọn fún wọn. Lọ́dún 1987, wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń la ẹnu ògiri. Ọlọ́pàá tó bá gbà á lọ́wọ́ olè, olè ni òun náà.